Òwú tí wọ́n fi pàṣán ká

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ahunṣọ ni mí n'Íjẹ̀bú-Òde. Ìyá mi àgbà a máa fọwọ́ yọ kóró òwú. Ilẹ̀ á ṣú, agbọ̀n ò ní kún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí Eli Whitney ṣe l'Ámẹ́ríkà ní 1793 fi ń dùn mí dọ́kàn. Ó mú kóró yíyọ yá, ṣùgbọ́n kò lè ká òwú lóko. Làwọn olóko bá ń ra ẹrú kún ẹrú. Nígbà tó fi di 1860, àwọn ẹrú ibẹ̀ ti sún mọ́ mílíọ̀nù 4. Alaalẹ́ ni wọ́n ń wọn òwú tí kálukú ká. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá pé, pàṣán ni! Àwa Ìjẹ̀bú náà ta èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyẹn náà sójú ìwé àwọn ọmọdé.

Ahunṣọ kan, Ìjẹ̀bú-Òde