Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá rélùwéè

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àtíìsì ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ó ti lé ní 40 ọdún tí mo ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ̀rọ̀ sára mọ́tò àti pátákó ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin ló wà lórí tábìlì mi báyìí.

Ọmọ ìlú wa kan tó ti Jámánì dé ló gbé e wá. Àwòṣe ni, ẹni náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kan án. Ojú irin wa àtijọ́, èyí tó dé Ìbàdàn ní 1901, mìlímítà 1,067 ni irin kan fi jìnnà sí èkejì. Ìdá kan nínú 24 ọkọ̀ gidi ni àwòṣe yìí: ẹ pín in sí ọ̀nà 24, yóò kù díẹ̀ kó pé mìlímítà 45, bẹ́ẹ̀ 45 gan-an ni irin tí wọ́n ń tà fún irú àwọn àwòṣe ńláńlá yìí. Nítorí náà, lẹ́tà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30 lára ọkọ̀ gidi, mìlímítà 12 àti ààbọ̀ ni lọ́wọ́ mi.

Orúkọ odò ni wọ́n fi ń pe ọ̀wọ́ kan nínú àwọn ẹ́ńjìnnì elédùú ayé ìgbà náà, ọmọ ìlú wa yìí náà sì ní kí tòun máa jẹ́ Ọ̀ṣun. A kọ́kọ́ gbé e fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà gé sítíkà. “Osun” ni wọ́n gé wá, láìsí àmì kankan. Wọ́n ní lẹ́tà tí àwọn ń lò kò ní àmì. Ó dùn mí gan-an. Mo fi fáníìṣì dídán bo ara ọkọ̀ náà, torí pé lórí ara tó ń dán ni búrọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀ dáadáa, bí ọwọ́ bá sì ṣì, aṣọ tí a fi kẹrosín rẹ díẹ̀ yóò nù ún kúrò kó tó gbẹ. Mo fọwọ́ kọ Ọ̀ṣun. Abẹ́rẹ́ ni mo fi tọ́ àwọn àmì rẹ̀ sí i.

Ìdọ̀tí tí yóò jẹ́ kó jọ ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ló kù, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fẹ́ da àwọ̀ ìpẹtà sí gbogbo ara rẹ̀. Mo ní rárá, ìdọ̀tí kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti wá. Èéfín máa ń dúdú lé òrùlé lórí. Níbi tí omi gbígbóná ti ń jò lára bọ́ílà, yóò gbẹ, yóò sì fi ìlà funfun sílẹ̀, bí ìdí ìkòkò tí omi ti gbẹ sí. Ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kì í dípẹtà, epo ló máa ń wà lára rẹ̀, ó sì máa ń dán. Ìsàlẹ̀ ni erùpẹ̀ ń gbá. Erùpẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé mi ni mo lò, mo lọ̀ ọ́, mo sì fi aṣọ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, torí hóró iyanrìn tó tó mìlímítà kan péré, lójú ẹni tó ń wo àwòṣe yìí, òkúta tó ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ ni.

Èkìtì kò ní ojú irin. Òṣogbo ni bàbá mi mú mi lọ wò ó nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 9. Mo rántí ìlà funfun náà lábẹ́ fèrè, àti ọkùnrin kan tó ń fi àkísà nu ọ̀pá irin bí ẹni ń nu ọmọ. Ìyókù kò sí lójú mi mọ́, àwòrán tí mo sì rí, dúdú àti funfun ni gbogbo wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí àwọn bàbá tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo, ní Ọ̀fà àti ní Ìbàdàn lè rí i. Àwọ̀ wo ni nọ́ńbà ara ọkọ̀? Tí wọ́n bá ń nu ọkọ̀, ṣé wọ́n máa ń nu nọ́ńbà náà ni, àbí wọ́n á jẹ́ kí èéfín bò ó? Apá ibo ni èédú ti sábà máa ń dà sílẹ̀?

Fáníìṣì tí kì í dán, èyí tí yóò di gbogbo rẹ̀ mú, ṣì wà nínú agolo. Mi ò ní ṣí i títí ẹnì kan nínú wọn yóò fi dá mi lóhùn.

Àtíìsì kan,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì