Ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà yẹ ìgbèríko pẹ̀lú

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Mo fẹ́ fèsì sí ohun tí òǹkàwé kan kọ sí yín láìpẹ́ yìí, pé ìfowóṣòfò ni kí oníṣẹ́ ọnà kọ́ ilé àfihàn sí abúlé tí kò ní omi ẹ̀rọ. Òótọ́ ni pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Janna Kpeŋŋ, lẹ́bàá ìlú Tamale ní àríwá Gánà, fi hàn pé irú ilé bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ibi iṣẹ́ àti ibi ẹ̀kọ́ fún àwọn tó yí i ká.

Ibrahim Mahama, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Tamale tí wọ́n bí ní 1987, ló fi owó tó ń rí lórí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ ọnà àti àfihàn tó ń jẹ́ Red Clay síbẹ̀, tó sì ṣí i ní 2020. Àpò kóko tó ti gbó ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Yóò gba ògbólógbòó àpò lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, yóò fún wọn ní tuntun, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ yóò sì rán an pọ̀ títí yóò fi tóbi tó ohun tí wọ́n lè fi bo ara ilé, bí wọ́n ti ṣe níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá ti Venice, ní Ítálì, ní 2015. Ẹni tó bá dàgbà nínú oko kóko ní Oǹdó tàbí ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀ kò nílò olùkọ́ kí ó tó mọ ìbéèrè tí iṣẹ́ náà ń bèèrè: òógùn ta ló wà lára àpò yìí, ta ló sì jèrè rẹ̀?

Ọ̀fẹ́ ni wíwọ Red Clay. Àwọn ọmọ iléèwé ń wá síbẹ̀, wọ́n sì ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú àwọn ọkọ̀ òfuurufú tí kò lè fò mọ́, tí Mahama rà, tó sì kó wá sórí ilẹ̀ pupa náà. Nígbà tó sì fi aṣọ bo ara Barbican, ilé iṣẹ́ ọnà ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 2024, àwọn ahunṣọ àti aránṣọ Tamale ló fọwọ́ ṣe aṣọ náà, tó gbòòrò débi pé pápá ìṣeré bọ́ọ̀lù ni wọ́n tẹ́ ẹ sí kí wọ́n tó rí àyè rán an. Ṣé ìfowóṣòfò nìyẹn?

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ ni ti àká ńlá onísìmẹ́ǹtì tí ìjọba Kwame Nkrumah, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Gánà, ń kọ́ sí Tamale láti máa kó oúnjẹ pamọ́ sí, tó di ahoro lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní 1966. Mahama rà á, ó sọ ọ́ ní Nkrumah Volini, ó sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní 2021, láìlé àwọn àdán tó ti fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Àwa náà ní ahoro irú èyí: àwọn ilé tó ń wó lọ ní àwọn ibùdó àgbẹ̀ (farm settlement) tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá sílẹ̀ láyé Awólọ́wọ̀, àti àwọn ibùdókọ̀ ojú irin kéékèèké tí ọkọ̀ kì í dúró sí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a kò ṣàìní oníṣẹ́ ọnà tó lè lò wọ́n. Mbari Mbayo, ibùdó àṣà àti iṣẹ́ ọnà tí Dúró Ládiípọ̀ ṣí ní Òṣogbo ní 1962, ló tọ́ ayàwòrán Muraina Oyèlámì dàgbà nínú iṣẹ́, òun náà sì padà sí Ìràgbìjí, ìlú rẹ̀, ó dá Obatala Centre for Creative Arts sílẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa fún ni pé kí wọ́n yá àwọn oníṣẹ́ ọnà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, pẹ̀lú àdéhùn pé àwọn ọmọ iléèwé kò ní sanwó, àti pé baálẹ̀ àti àwọn ará abúlé yóò ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó o. Bí wọ́n bá gbé e fún ìbátan olóṣèlú, ilé ìtura ni yóò dà. Mo sì bẹ ẹ̀yin olóòtú kí ẹ rán akọ̀ròyìn lọ sí Ìràgbìjí, kí ó bi àwọn ará ìlú léèrè ohun tí iṣẹ́ Oyèlámì ti ṣe fún wọn, àti ohun tí wọ́n ṣì ń fẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan, Ìkìrun