Àkànní, orúkọ Ṣadé ti padà

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta, 2025.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Manchester ńkọ́, ṣé ó ti ń dẹwọ́ díẹ̀? Níbí, ooru ló fẹ́ pa wá. Iná ti lọ láti àárọ̀, bátìrì inverter ló ń gbé mi ró, mo sì ti pa fáànù kí kọ̀ǹpútà lè rí nǹkan jẹ.

Mo mọ̀ pé o ti ń retí kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yẹn ṣe parí. Òru tí mo pè ọ́, tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tó o dá mi lóhùn nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ ò lè já gaara lẹ́nu mi. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí apá kan wà níbẹ̀ tí mi ò jẹ́wọ́ fún ọ.

O rántí pé ọdún 2014 ni mo kọ ètò yẹn fún wọn: orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, owó tí wọ́n ń dá, owó tí wọ́n yá, ta ni onígbọ̀wọ́. PHP ni mo fi kọ ọ́, MySQL ló ń tọ́jú àwọn orúkọ nínú tábìlì, kò sí idán kankan níbẹ̀. Oṣù tó kọjá ni mo kó o kúrò lórí sáfà àtijọ́, kọ̀ǹpútà tó ń gbé ètò náà, lọ sórí tuntun tó ní MySQL 8. Ọjọ́ Ẹtì ni mo kó o. Mo wò ó fìrí, ó ṣí, mo lọ sùn. Ọjọ́ Sátidé, ẹgbẹ́ ṣèpàdé, wọ́n gba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun 23.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni Ìyá Akápò pè mí. "Àjàní, kí lo fi orúkọ àwọn èèyàn ṣe? Owó òyìnbó ti wọ inú orúkọ Ṣadé!" Mo kọ́kọ́ rò pé màmá ń bá mi ṣeré ni. Mo ṣí i, ohun tí mo rí ni "á¹¢adÃ©". Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí Adéṣọlá, ti òun tún ní àmì pọ́n-ùn nínú. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé bó ṣe ń ṣe é nìyẹn: Ṣ ńlá á di sẹ́ńtì, ṣ kékeré á di pọ́n-ùn. Ká ní owó gidi ni, ẹgbẹ́ ì bá ti là.

Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní Sátidé ni tiwọn burú jù. Ṣẹ́gun di "???gun". Adébáyọ̀ di "Adébáy??". Àmì ìbéèrè lásán ni gbogbo rẹ̀.

Ohun tí mi ò sọ fún ọ nìyí. Kí n tó pè ọ́, mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́ sí i. Mo rí i pé latin1, ìlànà lẹ́tà àtijọ́ tí kò mọ Ṣ àti ẹ wa, ni wọ́n kọ sára tábìlì náà láti ọdún 2014, torí ohun tí MySQL ayé ìgbà yẹn máa ń lò nìyẹn téèyàn ò bá sọ nǹkan kan. Mo ní ṣebí kí n yí i sí utf8mb4, irú utf8 tó mọ lẹ́tà gbogbo èdè, ni. Mo kọ ALTER TABLE pẹ̀lú CONVERT TO, àṣẹ tó ń túmọ̀ lẹ́tà láti ìlànà kan sí òmíràn, mo tẹ̀ ẹ́, mi ò ṣe ẹ̀dà tuntun kankan sílẹ̀. Orúkọ tó ti dàrú tẹ́lẹ̀ wá dàrú tán pátápátá, torí MySQL mú ìdàrúdàpọ̀ yẹn gẹ́gẹ́ bí orúkọ tòótọ́, ó sì fi tọkàntọkàn túmọ̀ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́.

Ohun tó o kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀dà ọjọ́ Ẹtì wà ńbẹ̀ àbí kò sí?" Ó wà, torí o ti bú mi lórí ọ̀rọ̀ yẹn ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà lo ní, "Má wo ojú rẹ̀, wo báìtì rẹ̀." Mo dá ẹ̀dà ọjọ́ Ẹtì padà, mo kọ SELECT HEX(oruko), tó ń fi báìtì hàn, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, mo wo Ṣadé. Ṣ rẹ̀ jẹ́ E1B9A2, bó ṣe yẹ kó jẹ́ gẹ́lẹ́. Nínú èyí tí mo bà jẹ́, C3A1C2B9C2A2 ló wà níbẹ̀. Àfi bí ẹni pé ẹnìkan tan iná sí mi lójú. Láti ọdún 2014, kò sí ohun tó ṣe orúkọ yẹn. Ohun tí wọ́n kọ sára àpótí rẹ̀ ló jẹ́ irọ́.

Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá Akápò nìyí, ó sì yé e ju bó ṣe yé èmi lọ. Mo ní, "Mà, ẹ mọ ike áísìkiriìmù tó wà nínú fìríìjì yín?" Ó ní ẹ̀fọ́ rírò ló wà nínú rẹ̀. Mo ní, ẹ ṣeun. Ara ike ní latin1, utf8 ló wà nínú rẹ̀. PHP ti sáfà àtijọ́ kì í ka ara ike, ṣe ló kàn ń gbé ọbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Sáfà tuntun mọ̀wé, ó ka ara ike, ó sì gbà pé áísìkiriìmù ni, ló bá fi ṣíbí kékeré bù ú fún àlejò.

Oògùn tó o fún mi ò ju ìlà méjì lọ. Àkọ́kọ́, kí n sọ òpó tí orúkọ wà nínú tábìlì di VARBINARY, báìtì lásán, kí MySQL gbàgbé pé lẹ́tà ló wà níbẹ̀ rárá. Ìyẹn ni pé kí n bó ìwé ara ike kúrò, kí n má sì fọwọ́ kan ọbẹ̀. Èkejì, kí n sọ ọ́ di VARCHAR, òpó lẹ́tà, padà, kí n wá kọ utf8mb4 sí i lára. Mo kọ́kọ́ dán an wò lórí ẹ̀dà tábìlì, ẹgbẹ̀rún kan ó lé díẹ̀ orúkọ, ó tó ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, Ṣadé jókòó síbẹ̀ ó ń wò mí. Mo pariwo débi pé ọmọ aládùúgbò bi mí bóyá Shooting Stars ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

O tún pariwo mọ́ mi pé n ò gbọdọ̀ kọ utf8 lásán. Mo gbọ́. Mo ti wá mọ̀ pé báìtì mẹ́ta ni utf8 ti MySQL mọ lẹ́tà kan mọ, àti pé láti 5.5.3, ní ọdún 2010, ni utf8mb4 ti wà. Lẹ́tà tiwa àti àmì ohùn, kálukú wọn ò ju báìtì mẹ́ta lọ, èèyàn lè rò pé kò kàn wá. Ṣùgbọ́n wo ibi tí àwọn ìyá ti ń kọ ìdí tí wọ́n fi ń yá owó: kò sí ẹyọ kan tí kò fi ọwọ́ àdúrà 🙏 parí rẹ̀, báìtì mẹ́rin sì nìyẹn.

Àwọn 23 ti Sátidé kò gbóògùn o. HEX wọn jẹ́ 3F, 3F, 3F, àmì ìbéèrè gidi, kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ téèyàn lè hú jáde. Ìjẹ́wọ́ mi kejì nìyí, èyí tí ojú ń tì mí jù. MySQL 8 ì bá ti kọ̀ láti gba orúkọ wọ̀nyẹn. Ì bá ti pariwo "Incorrect string value" ní Sátidé, akọ̀wé ì bá sì ti pè mí lójú ẹsẹ̀. Èmi ni mo yọ STRICT_TRANS_TABLES, ohun tó ń mú kí MySQL kọ nǹkan tí kò yẹ, kúrò ní ọjọ́ Ẹtì, torí ó ń yọ kọ́ọ̀dù mi àtijọ́ lẹ́nu lórí àwọn ọjọ́ tí mo kọ ní 0000-00-00. Ajá fẹ́ gbó olè, mo dì í lẹ́nu kí n lè sùn. Mo ti dá a padà, mo sì ti tún àwọn ọjọ́ yẹn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti orúkọ, èmi àti Ìyá Akápò ló jókòó ti fọ́ọ̀mù bébà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń pè é, mo ń tẹ̀ ẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn, epo pupa ti rin ín, la bá pe obìnrin náà lórí fóònù pé ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ yín. Ó ní ṣé ẹgbẹ́ ti gbàgbé òun láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni.

Mo rò pé ó tán níbẹ̀. Ìparí oṣù dé.

Akọ̀wé a máa fi Excel ránṣẹ́ lóṣooṣù, orúkọ àti iye tí oníkálukú san. Kọ́ọ̀dù mi á ka orúkọ, PHP á fi í wé àwọn orúkọ tó kó jáde nínú dátábéèsì ní báìtì sí báìtì, á fi owó sí i lórúkọ. Lọ́tẹ̀ yìí, èèyàn 11 san owó, kọ̀ǹpútà ní wọn ò san. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá kan tó ń pa màlúù, tí kì í jẹ ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀. Àkànní, bàbá yẹn fi àtẹ ẹran sílẹ̀, ó wá bá mi nílé. Mo yára wo ọwọ́ rẹ̀ kí n tó ṣílẹ̀kùn.

Mo gbé orúkọ tó wà nínú Excel àti èyí tó wà nínú dátábéèsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìbejì ni wọ́n, ìyá wọn gan-an ò lè mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Mo ka báìtì ẹ́ tó wà nínú orúkọ náà: márùn-ún níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún. Mo fẹ́ẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán. Ohùn rẹ ló sọ sí mi lọ́kàn: wo báìtì. Èyí tó wà ní dátábéèsì jẹ́ E1BAB9CC81, ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ lára láti ilé ìyá rẹ̀, tí wọ́n wá gbé àmì ohùn lé lórí. Ti Excel jẹ́ 65CCA3CC81, e lásán, wọ́n so àmì ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n wá gbé ohùn lé e. Fóònù tí akọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló ń tẹ̀ ẹ́ báyẹn. Mo tún rí ẹ̀kẹta, 65CCA9CC81, èyí tí àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe tótó (àmì roboto), igi kékeré tó dúró ṣánṣán ni, bí àwọn ìwé àtijọ́ kan ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Òun náà, báìtì márùn-ún.

Normalizer tó wà nínú intl ti PHP sọ méjì àkọ́kọ́ di ọ̀kan náà. Kò dá igi ṣánṣán mọ̀ ní ìbátan, torí lójú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà àti àmì gbogbo èdè ní nọ́ńbà, àmì ọ̀tọ̀ ni. Èmi ni mo fi ọwọ́ pàrọ̀ rẹ̀ sí tótó kí Normalizer tó ṣiṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni mo fi í sí, kí orúkọ tó wọlé rárá. Owó bàbá ti bọ́ sí ààyè rẹ̀, ó sì fún mi ní ṣàkì.

Bí mo ṣe ń wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni mo rí i pé láàárín lẹ́tà àwọn ará Vietnam ni ẹ àti ọ wa wà nínú Unicode. Àmì ìsàlẹ̀ yẹn, ohùn ni lọ́dọ̀ tiwọn. Tiwa tó ní ohùn lórí, irú ẹ́, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ títí dòní. Méjì la gbọ́dọ̀ so pọ̀ nígbà gbogbo. Inú mi ò fi bẹ́ẹ̀ dùn sí i, ṣùgbọ́n ó kéré tán, mo ti mọ ẹni tí a jọ ń gbélé.

Èyí tó kù, ìwọ ni mo fẹ́ kó o bá mi dá sí i. Ẹgbẹ́ ní tábìlì kékeré tó ń to ohun tí wọ́n ń yá èèyàn lówó sí, UNIQUE sì ni orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé méjì kò gbọdọ̀ jọra. Ọkọ́ wà níbẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ kún un, MySQL ní Duplicate entry, pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lójú utf8mb4_0900_ai_ci, ìlànà ìfiwéra tí kì í ka àmì sí, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, oko, àti èyí tí mi ò ní kọ sínú lẹ́tà tí ìyàwó rẹ lè kà, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo sọ òpó yẹn di utf8mb4_0900_as_cs, èyí tó ń ka àmì sí, ó gbà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣe orúkọ èèyàn bẹ́ẹ̀, Ìyá Akápò tó ń tẹ "Sade" láìsí àmì kankan ò ní rí Ṣadé láé. Ohun tí mo ṣe ni pé mo dá òpó kejì sílẹ̀ tí mo ti bọ́ gbogbo àmì kúrò lára orúkọ, ibẹ̀ la ti ń wá a. Òpó àkọ́kọ́ la fi ń kọ ọ́ síta, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀wà rẹ̀. Ṣé bí ìwọ náà ṣe máa ṣe é nìyẹn? Ó ń ṣe mí bíi pé ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ wà.

Ní ti ìbéèrè tìrẹ, ti ìròyìn ojoojúmọ́ tó ń lo ìṣẹ́jú méjì níbi iṣẹ́ yín, tí EXPLAIN sì ń kọ ALL fún ọ, pé gbogbo ìlà ló ń kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ti fi index, atọ́ka tó ń mú kí wíwá yá, sí created_at. DATE(created_at) = '2025-03-01' tó o kọ ló fà á. Ṣe ló dà bíi kí wọ́n to ìwé tẹ̀lé ọjọ́ àti wákàtí, kí ìwọ wá ní kí wọ́n pa wákàtí rẹ́ lára gbogbo wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Kọ created_at >= '2025-03-01' AND created_at < '2025-03-02', fi DATE sílẹ̀. Sọ fún mi bó bá ṣe rí.

Ìyá Akápò ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ "ọmọ tó wà lókè òkun yẹn". Ó di èlùbọ́ fún ọ, ó tó kóńgò mẹ́rin, ó sì fi orúkọ rẹ sí i lára pẹ̀lú àmì pípé. Ó wà lọ́dọ̀ mi nílé ìdáná. Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn bọ̀ lọ́dọ̀ yín kí Ọdún Àjíǹde tó dé, fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní.