Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, kí ọmọ wa tó wọ yunifásítì

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù Manchester ti ń dẹwọ́ díẹ̀? Ara gbogbo wa le níbí, a dúpẹ́. Mo gbọ́ pé ọmọ wa ti rí àyè sí yunifásítì, inú mi sì dùn kọjá sísọ. Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè rẹ̀. Òun gan-an ló mú mi kọ lẹ́tà yìí, torí fíìmù kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó wò kó tó di ẹrù.

Booksmart ni wọ́n ń pè é. Olivia Wilde, tí a mọ̀ sí òṣèré tẹ́lẹ̀, ló darí rẹ̀, òun sì ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tó máa darí. Ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ló jáde ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú Aladdin ti Disney, èrò sì wọ́ tẹ̀lé ìyẹn.

Los Angeles ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni Molly àti Amy, wọ́n ń parí ilé ìwé girama, ọmọ jẹ́jẹ́ ni wọ́n, èfíkò paraku. Yunifásítì ńlá tí wọ́n ń pè ní Yale ni Molly ń lọ. Amy ń lọ yunifásítì Columbia, àmọ́ yóò kọ́kọ́ lọ fi àsìkò ìsinmi ran àwọn obìnrin lọ́wọ́ ní Botswana. Wọn kì í dé pátì. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n jáde, Molly wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìwé, ó gbọ́ táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jáde sí wọn, ó ní Yale lòun ń lọ. Ọmọbìnrin kan ní Yale lòun náà ń lọ. Ọ̀kan ń lọ Stanford, yunifásítì ńlá mìíràn, bọ́ọ̀lù ló gbé e débẹ̀. Òmíràn, Google ti gbà á síṣẹ́. Àwọn tó ń gbafẹ́ kiri látọjọ́ yìí! Bí mo ṣe rí ojú Molly báyìí, ọjọ́ tí a kọ WAEC tán ló sọ sí mi lọ́kàn. Àwọn yòókù ń kọ ọ̀rọ̀ sára ṣẹ́ẹ̀tì ara wọn, ìwọ àtèmi wà lábẹ́ igi máńgòrò, à ń yẹ ìdáhùn wò.

Ni Molly bá fa Amy lọ́wọ́ pé àfi káwọn lọ pátì lálẹ́ yẹn, wọn ò sì mọ ibi tó wà. Wọ́n ya inú ọkọ̀ ojú omi tí ọmọ olówó kan fi ń ṣàríyá, tí èèyàn ò sì yọjú. Wọ́n jẹ sítírọ́bẹ́rì tí wọ́n ti ki egbòogi sí, ni wọ́n bá rí ara wọn bí ọmọláńgidi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àwọn kan á ní fíìmù ọmọ tó já okùn ni. Lójú tèmi, èèyàn ni Molly pàdánù ní gbogbo ọdún yẹn, pátì kéré síbẹ̀. Ó ń bá wọn jókòó ní kíláàsì kan náà, kò mọ wọn. Ọmọbìnrin Yale yẹn ló fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ti sọ ọmọbìnrin náà lórúkọ ilé iṣẹ́ tó ń gba onímọ́tò sílẹ̀ lójú títì, torí àhesọ nípa òun àtàwọn ọmọkùnrin. Ó ní ohun tó dun òun jù ni pé àwọn obìnrin náà ń pe òun bẹ́ẹ̀. Ẹnu Molly wọhò.

Àmọ́ ìjà wọn ló mú mi lọ́kàn jù. Wọ́n ti bá ara wọn ṣàdéhùn pé bí ọ̀kan bá ti pe "Malala", èkejì ò gbọdọ̀ bèèrè ohunkóhun, kó ṣáà tẹ̀lé e. Lálẹ́ yẹn, ọkàn Amy gbọgbẹ́ torí ọmọbìnrin tó fẹ́ràn, ó pe "Malala", ó ní káwọn máa lọ. Molly kọ̀ jálẹ̀. Ibẹ̀ ni Amy ti jẹ́ kó mọ̀ pé ọdún kan gbáko lòun máa lò ní Botswana. Wọ́n sọ òkò ọ̀rọ̀ lu ara wọn láàárín èrò, àwọn ẹgbẹ́ wọn na fóònù sókè, wọ́n ń ya fídíò, ohùn wọn wá ń pòórá létí wa díẹ̀díẹ̀. Kaitlyn Dever àti Beanie Feldstein, tí wọ́n ṣe Amy àti Molly, gbé ilé kan náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó hàn: wọ́n mọ ibi tó máa dun ara wọn.

Ohun kan ni mi ò gbà níbẹ̀, owó. Ọmọ tálákà tó bá fi ìwé ṣeré, ta ni yóò gbé e dé Stanford? Fíìmù náà ò dé ibẹ̀ rárá, ó sì yẹ kó dé ibẹ̀.

Àmì R ni wọ́n fún fíìmù náà ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ni pé ọmọ tí kò bá tíì pé 17 ní láti bá àgbà wọlé. Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ pọ̀ níbẹ̀, èébú sì pọ̀. Má torí ìyẹn ní kó dá wò ó. Jókòó tì í.

Mi ò ní sọ bó ṣe parí. Bí ẹ bá wò ó tán, ní kó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kó sọ ẹni tó fẹ́ràn jù fún mi. Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́