Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tá a fi ń tú gbogbo ìdí ọkọ̀ ojú omi yín palẹ̀

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ojú lọ́nà o. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń pè wá pé ṣebí pátákó kan ṣoṣo lẹ ní ká pààrọ̀ nídìí ọkọ̀, kí ló wá dé tọ́kọ̀ ò tíì jáde látọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó sì yà wá wò ó bá a pé a ti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, a ti yọ bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, a ti tú àwọn irin igun méjèèjì, gbogbo ẹ̀ wá fọ́n ká sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bínú, ẹ ò jẹ̀bi. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tá à ń ṣe níbẹ̀.

Inú transom ni pátákó yẹn wà, ìyẹn ògiri ẹ̀yìn ọkọ̀, ibi tẹ́ ẹ ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́. Tẹ́ ẹ bá wò ó lóde, alumíníọ̀mù lẹ máa rí, àmọ́ páànù yẹn fẹ́lẹ́, kò lè dá ẹ́ńjìnnì gbé, torí ẹ̀ làwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ṣe máa ń fi plywood sínú ẹ̀, ó sábà máa ń nípọn tó ínṣì kan àbọ̀, ìyẹn bíi mìlímítà 38. Ẹ́ńjìnnì tí agbára ẹ̀ jẹ́ hp (agbára ẹṣin) 25 lè wọ̀n tó kílò 60, kò sì mọ síbi kó kàn gbé e dúró o, tẹ́ ẹ bá ti fún ẹ́ńjìnnì níná, pákó yẹn ló ń gba gbogbo agbára tó fi ń ti ọkọ̀ lọ, tí ọkọ̀ bá tún wà lórí tírélà tí ọ̀nà ò dáa, tí ẹ́ńjìnnì ń mì jìgìjìgì lẹ́yìn, pákó yẹn náà ni.

Ibi tómi ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ò ju ihò kéékèèké lọ. Ihò bóòtù (irin tá a fi ń de ẹ́ńjìnnì mọ́ ògiri yẹn) tí wọn ò fi nǹkan dí dáadáa, ihò tá a fi ń jẹ́ kómi dà jáde nísàlẹ̀, orí ògiri níbi tí páànù tó bò ó ti la ẹnu, àti èyí tó ń dùn mí jù, ihò síkúrù táwọn èèyàn lù fúnra wọn kí wọ́n lè gbé ẹ̀rọ tó ń wo ìsàlẹ̀ omi kọ́. Omi tó bá wọbẹ̀ ò ríbi jáde, torí páànù wà níwájú, páànù wà lẹ́yìn, pákó á kàn máa mu ún lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi rà, ọ̀dà tó wà lóde á sì máa dán bíi tọjọ́ tẹ́ ẹ rà á.

Ìdí nìyẹn tá ò kì í fi ojú lásán wò ó. A máa fi ìdí òòlù kàn án látòkè dé ìsàlẹ̀, pákó tó le á dáhùn kó, kó, kó, èyí tó ti rà á kàn máa dún bù, bù, bíi pé ẹ̀ ń lu tìmùtìmù. A tún máa di ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì mú ká mì ín sókè sódò, tí ògiri yẹn bá ń bá a lọ tó ń bá a bọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀ nìyẹn. Tó bá ṣì rú wa lójú, a á fi dírìlì lu ihò kékeré kan láti inú ọkọ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó tó bá jáde ló máa sọ òótọ́: tó bá gbẹ tó mọ́, ó dáa, tó bá dúdú tó tutù, ó ti parí.

Àwọn kan máa ń ní ká kàn fi páànù míì bò ó látẹ̀yìn ká tún bóòtù fún. Ẹ má bínú, a ò ní ṣe é. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Pákó tó rà ò ní gbá bóòtù mú, bẹ́ ẹ bá ṣe ń fún un náà lá máa wọnú, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wà láàárín omi ni ẹ́ńjìnnì máa já, ọkàn mi ò sì lè gbé e pé iṣẹ́ ọwọ́ wa ló fà á.

Ọ̀rọ̀ irú pákó tá à ń lò náà tún wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo lo pákó tí wọ́n fi oògùn sí kó má bàa rà, mo rò pé ire ni mò ń ṣe fún oníbàárà. Nígbà tí ọkọ̀ yẹn padà wá, pákó ṣì le bí òkúta, alumíníọ̀mù ló ti di ihò wínníwínní, ìyẹ̀fun funfun bo gbogbo ara ẹ̀. Bàbà ló wà nínú oògùn yẹn, bàbà àti alumíníọ̀mù ò sì gbọ́dọ̀ pàdé níbi tómi wà, bàbà á jẹ ẹ́ tán ni. Mo tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀, ó sì dùn mí gan-an. Látìgbà yẹn, plywood ti ọkọ̀ ojú omi nìkan là ń lò, èyí tí gúlúù ẹ̀ kì í yòrò nínú omi tí kò sì ní àlàfo láàárín. Àwo méjì oní-mìlímítà 19 la máa ń lẹ̀ pọ̀, ká lè rí ínṣì kan àbọ̀ yẹn gẹ́lẹ́.

Pákó àtijọ́, bó ti wù kó rà tó, a kì í sọ ọ́ nù, òun la máa fi wọn tuntun. Gíga ẹ̀ ṣe pàtàkì, ínṣì 15 ni ti ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, 20 ni ti ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tá a bá ṣì í wọ̀n tó ga jù, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì á máa gbá afẹ́fẹ́ dípò omi. Ká tó dá a padà, a máa fi epoxy, ìyẹn gúlúù olómi tó máa ń gan tí omi ò sì ń wọ̀, kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pàápàá etí ẹ̀ níbi tí ayùn ti gé e, torí ibẹ̀ ló ń fa omi mu jù, ibi tọ́jọ́ sì máa ń lọ sí nìyẹn, epoxy ò ṣeé kánjú, tójú ọjọ́ bá tutù á tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò bóòtù gan-an, a máa lù ú fẹ̀ jù, a á fi epoxy tó ki dí i pa, tó bá ti gan a á wá lu ihò tó yẹ sáàárín ẹ̀, kó jẹ́ pé tómi bá tiẹ̀ ráyè gba ẹ̀gbẹ́ bóòtù wọlé, epoxy ló máa bá níbẹ̀. Bóòtù stainless là ń lò, a sì máa ń fi àtè tó ń dí omi yí i ká kó má fara kan alumíníọ̀mù ní tààràtà.

Tó bá ti délé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yọ ìdérí ihò ìsàlẹ̀ yẹn tí ọkọ̀ bá ti kúrò lómi, kẹ́ ẹ gbé iwájú ẹ̀ sókè díẹ̀ kó lè ro dànù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lu ihò kankan sídìí ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pè wá, kódà tó bá jẹ́ ihò síkúrù kan péré, a ò ní gbowó lórí ìmọ̀ràn.

Ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa báyìí, a máa pè yín lọ́jọ́ tá a bá yọ pákó àtijọ́ jáde, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́ wò ká tó ti tuntun bọ̀ ọ́.