Àkànní, Má Na Ẹsẹ̀ Tútù Sídìí Hítà Mọ́

Àkànní ọmọ mi,

Láti ìgbà tí o ti pè mí lálẹ́ Sunday ni oorun ò ti kùn mí dáadáa. O ní bí o bá dúró de bọ́ọ̀sì ní Manchester laago márùn-ún ìdájí, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ á kú tipiri. Bí o bá sì padà délé, á máa ta ọ́ bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un, títí omi á fi bọ́ lójú rẹ. Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi.

Èyí tó já mi láyà jù ni ohun tí o sọ gbẹ̀yìn, pé bí o bá ti wọlé báyìí, ìdí hítà lo máa ń na ẹsẹ̀ sí. Jọ̀wọ́, jáwọ́ níbẹ̀ lónìí. Ohun tí èmi náà ṣe ní Chicago nìyẹn, nígbà tí mo lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ wẹ ọmọ ní January 2019, ọdún tí òtútù ibẹ̀ lọ sí nǹkan bí ọgbọ̀n lábẹ́ òdo. Mo jókòó ti hítà, ó sì dùn mọ́ mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìka mẹ́ta ti wú, ó ń yún mi, ó ń jó mi bí ata. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò pè é ní chilblain. Wọ́n ní ó máa ń pọ́n, ṣùgbọ́n lára dúdú tiwa, ṣe ló dúdú sí i tó ń dán, nítorí náà má retí pípọ́n kí o tó mọ̀ ọ́n. Kò sì dìgbà tí yìnyín bá bọ́. Òtútù olójò ti ọ̀dọ̀ yín náà tó o ṣe.

Ohun tó fà á rèé. Bí òtútù bá mú, iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ á fún pọ̀, torí ara fẹ́ kí ọkàn àti ẹ̀dọ̀ móoru ná. Bí o bá wá gbé iná tì í lójijì, ẹ̀jẹ̀ á ya dé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn iṣan kéékèèké ò ní lè gbà á, omi á jò sínú ẹran ara, á wú. Ẹsẹ̀ tó ti kú kì í sì í mọ̀ pé iná ń jó òun.

Nítorí náà, bí o bá délé, bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọ̀hún, nu ẹsẹ̀ títí dé àárín ìka, wọ òmíràn tó gbẹ, kí o fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Bí o bá fẹ́ lo omi, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò, bí mo ṣe máa ń tọ́ omi ìwẹ̀ rẹ wò nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, fi òrí tí mo dì sínú báàgì rẹ pa á. Bó bá ń yún ọ, má họ ọ́.

Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú bàtà kan ti pọ̀ jù, Àkànní. Bàtà tó fún kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kọjá. Wọ ẹyọ kan tí wọ́n fi irun àgùntàn hun, torí olówùú máa ń mu òógùn, á sì tutù mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Fi òmíràn sínú ọ̀rá nínú báàgì, tí òjò bá rin ti ẹsẹ̀ rẹ. Wọ ṣòkòtò abẹ́, dé fìlà, má jáde lófìfo ikùn. Bí àárín ara bá móoru ni ẹ̀jẹ̀ tó lè dé ẹsẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí kò lọ, tàbí tó dá egbò, lọ rí dókítà. Bí ìka bá le bí òkúta tí kò sì mọ nǹkan kan lára, má fọwọ́ ra á, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Mo mọ̀ pé owó oògùn mi ni kò jẹ́ kí o pààrọ̀ bàtà yẹn. Oògùn tó wà nílé á gbé mi dé oṣù tó ń bọ̀. Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ lóṣù yìí, fi ra bàtà tí ìka rẹ lè mira nínú rẹ̀. Kí o sì ya fọ́tò ẹsẹ̀ méjèèjì fún mi lórí WhatsApp lálẹ́ òní, lókè àti lábẹ́. Mi ò ní sùn títí á fi wọlé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ