Káàpù kì í ṣe ẹja ààtàn: Èsì fún arákùnrin tó kọ̀wé láti Ṣàgámù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Ẹja ni mò ń tà ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, etí omi lápá Ìwópin ni wọ́n sì bí mi sí. Nígbà tí ọmọ mi ka lẹ́tà tí arákùnrin kan kọ sí yín láti Ṣàgámù sí mi létí, mo ní kó tún un kà. Arákùnrin náà ní òun rí i lórí fóònù bí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ṣe ń fi ọfà ta ẹja kan tí wọ́n ń pè ní káàpù, tí wọ́n sì ń kó o dà nù. Ó ní ìyẹn ti fi hàn pé ẹja náà kò ṣe é jẹ. Ó wá gba àwọn ọ̀dọ́ wa nímọ̀ràn pé kí àwọn náà wá ọrun, kí wọ́n lọ máa ta ẹja odò Ìbù àti ti ọ̀sà, kí ẹja lè pọ̀ lọ́jà.

Ibi tó ti ní dídà ẹja nù kò dára nìkan la ti fẹnu kò. Ìyókù ni mo fẹ́ bá a sọ.

Èmi ò rí i lórí fóònù, mo wà níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bímọ ní ìpínlẹ̀ Illinois, èmi ni mo lọ wẹ ọmọ fún un, ilé wọn kò sì jìnnà sí odò tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ìpínlẹ̀ náà. Oṣù Karùn-ún ni, ìgbà tí omi wọn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí káàpù ń ya wọ inú koríko etí odò láti yé ẹyin. Òyìnbó aládùúgbò wọn kan ló máa ń mú bàbá ìkókó dání lọ fi ọfà ta á. Wọ́n á lọ lóru pẹ̀lú iná ńlá níwájú ọkọ̀, ilẹ̀ á mọ́ kí wọ́n tó dé, ẹja á kún inú kúlà. Nígbà náà ni wọ́n á mú ṣọ́bìrì, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n á sì rì í mọ́ ìdí tòmátì.

Ẹja tútù o! Èmi tí mo máa ń jí lóru lọ sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ láti lọ bá àwọn alájàpá du ẹja. Mo ní, "Bàbá ìkókó, ẹ̀yin lẹ pa á, ẹ ò sì ní jẹ ẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, egungun ẹ̀ pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́ níbí." Mo ní kí wọ́n gbé èyí tó kù nínú kúlà wá síwájú mi.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ta á, nítorí arákùnrin wa sọ ọ́ bíi pé eré ọmọdé ni. Ọrun náà jọ tàwọn ọdẹ wa, àfi pé irin àti ike ló pọ̀ lára rẹ̀. Ọfà rẹ̀ wúwo, kò sì ní ìyẹ́ nídìí. Okùn tó lágbára ni wọ́n so mọ́ ọn, ìyókù okùn náà wà nínú ike kan tí wọ́n dè mọ́ ara ọrun. Ẹnu ọfà ní ẹ̀gún méjì tó ń ṣí sẹ́yìn bó bá ti gún ẹja wọlé, kó má bàa yọ. Wọ́n á ta, wọ́n á fa okùn, ẹja á bá okùn bọ̀. Ohun tí òyìnbó yẹn ń kọ́ ọkọ ọmọ mi gan-an ni bàbá mi ń sọ fún wa nígbà tó bá mú ọ̀kọ̀ dání nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Ìwópin: má ṣe ju ọ̀kọ̀ sí ibi tó o ti rí ẹja, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni kó o jù ú sí. Omi máa ń ṣẹ́ ìmọ́lẹ̀, ẹja á wá dà bíi pé ó wà lókè ju ibi tó wà lọ. Bó bá ṣe jìn sínú omi tó, bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe dorí ọfà kọlẹ̀ sí i tó.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe ẹja náà bẹ́ẹ̀? Àlejò ni lódò wọn. Ní 1877 ni ìjọba wọn fúnra rẹ̀ kó káàpù onípẹ́ gbàǹgbà wá láti Jámánì, tí wọ́n sì pín in káàkiri pé kí àwọn èèyàn máa sìn ín jẹ. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n tún kó àwọn ìbátan rẹ̀ wá láti Éṣíà, pé kí wọ́n máa jẹ ìdọ̀tí àti ewé inú adágún ẹja. Àwọn yẹn bọ́ sínú odò Mississippi, wọ́n bí, wọ́n rẹ̀, wọ́n ń jẹ oúnjẹ mọ́ ẹja onílé lẹ́nu. Ọ̀kan wà nínú wọn tó funfun láwọ̀, bó bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, á fò jáde nínú omi, ó sì lè fò ga tó mítà mẹ́ta. Ó ti ṣe àwọn èèyàn léṣe nínú ọkọ̀. Kó má bàa dé inú àwọn adágún ńláńlá tó wà lókè lọ́hùn-ún, wọ́n fi iná mànàmáná sínú omi kan lẹ́bàá Chicago láti 2002. Torí náà, bí òyìnbó bá ta káàpù, ó gbà pé òun ń tún odò òun ṣe ni, n kò sì bá a jà lórí ìyẹn. Ìjà mi bẹ̀rẹ̀ nídìí ṣọ́bìrì.

Ní 2022, ìjọba Illinois tilẹ̀ fún àwọn ti Éṣíà yẹn lórúkọ tuntun, Copi, kí àwọn oníbàárà má bàa máa sá fún un. Wọ́n gbìyànjú. Ṣùgbọ́n egungun ò mọ orúkọ.

Egungun yìí gan-an ni gbogbo ẹjọ́. Káàpù ní eegun ẹ̀yìn àti ti ìhà bíi ti ẹja yòókù. Ó wá ní àwọn tín-ín-rín míì láàárín ẹran, tí orí wọn là sí méjì bíi lẹ́tà Y, tí wọn ò sì so mọ́ eegun ẹ̀yìn rárá. Bí òyìnbó bá fi ọ̀bẹ gba ẹran kúrò lára eegun ẹ̀yìn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, á rò pé òun ti yọ egungun tán, àṣé àwọn wọ̀nyí ti bá ẹran lọ. Á bù ú jẹ, á há a lọ́fun, á sì búra pé ẹja ààtàn ni. Àwa tí wọ́n fi ṣawá tọ́, ṣé irú egungun yẹn ló máa lé wa nídìí ọbẹ̀?

Ohun tí mo ṣe nìyí, kí ẹni tó bá ní káàpù lè ṣe é.

Mo kọ́kọ́ sọ fún bàbá ìkókó pé láti ìgbà náà lọ, bó bá ti fa ẹja wọ ọkọ̀, kó gé ibi tó fi ń mí kí ẹ̀jẹ̀ dà, kó sì kì í sínú yìnyín lójú ẹsẹ̀. Ẹja tí ọfà ti gún kò dà bí àrọ̀ tí mò ń gbé sínú ọpọ́n omi láàyè títí oníbàárà á fi dé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sí i lára nínú ooru, kò sí ata tó lè bo òórùn rẹ̀.

Bí mo bá là á nínú, òróòro ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tòróòro káàpù ju kíkorò lọ: ó lóró, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn kan nílẹ̀ Éṣíà máa ń gbé e mì pé oògùn ni, ọ̀pọ̀ wọn ló ti tibẹ̀ dèrò ọsibítù. Ẹja tí ọfà bá bá ní inú tí òróòro sì ti bẹ́, mo máa ń gé gbogbo ẹran ibẹ̀ sọ nù. N kì í ṣahun níbẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo bó awọ rẹ̀, mo gba ẹran kúrò lára eegun ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo sì gé ẹran pupa tó gba àárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kúrò. Ibẹ̀ ni òórùn ẹrẹ̀ máa ń fara pamọ́ sí. Mo rẹ ìyókù sínú omi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ nínú fíríìjì, mo pààrọ̀ omi náà títí tí kò fi pọ́n mọ́.

Ọ̀bẹ ló kù. Ọ̀bẹ kún inú ilé ìdáná ọmọ mi, wọ́n tò wọ́n sínú igi dáadáa, kò sì sí èyí tó mú nínú wọn. Ìdí àwo ni mo fi pọ́n ọ̀kan. Mo tẹ́ ẹran sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fá ọ̀bẹ sí i níbùú, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì, àárín wọn kò ju mílímítà mẹ́ta lọ. Ọ̀bẹ á wọlé títí á fi kù díẹ̀ kó kan pákó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gé e já. Etí lẹ fi máa ń mọ̀ bóyá ẹ̀ ń ṣe é bó ṣe yẹ. Bí ọ̀bẹ bá ń kọjá lórí àwọn egungun yẹn, á máa dún kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ, ẹ ò tíì kan egungun, ẹ tún ọ̀bẹ pọ́n. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹran náà sókè tán, á là yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, síbẹ̀ á ṣì so pọ̀.

Mo fi iyọ̀, ata gbígbẹ àti ìyẹ̀fun àgbàdo pa á lára, mo rí i dájú pé ìyẹ̀fun wọ inú gbogbo ìlà náà. Òróró gbọ́dọ̀ gbóná gan-an, kó sì pọ̀ débi tí ẹja á fi rì sínú rẹ̀. Òróró á wọ inú àwọn ìlà yẹn, á dín egungun tí ọ̀bẹ ti gé sí wẹ́wẹ́ títí tí eyín ò fi ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Bí òróró ò bá gbóná tó, ẹja á mu epo, egungun á sì dúró síbẹ̀ bó ṣe wà.

Òyìnbó yẹn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Ó fi ọwọ́ mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́ tán, ó ń wá egungun lẹ́nu. Ó tún mú òmíràn. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún rí ẹja nídìí tòmátì.

Èyí tó pọ̀ jù fún dídín, mo gé e sí wẹ́wẹ́, mo sè é nínú pressure pot títí gbogbo egungun tín-ín-rín náà fi rọ̀, mo sì fi ṣe ìkọ́kọrẹ́. Ewùrà wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Gánà níbẹ̀, epo pupa wà, mo ti gbé ẹja gbígbẹ àti edé tèmi lọ láti ilé. Kò dà bíi ti òbòkún, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n lá ìkòkò.

Kí n má gbàgbé: ọmọ mi ń fún ọmọ lọ́mú, n kò sì fún un nínú àwọn ògbólógbòó káàpù onípẹ́ gbàǹgbà yẹn. Kẹ́míkà ilé iṣẹ́ wà nínú odò tó pọ̀ níbẹ̀, ó sì máa ń sá pamọ́ sínú ọ̀rá ẹja tó ti pẹ́ nísàlẹ̀ omi. Ìjọba wọn máa ń kọ ọ́ síta irú ẹja tí aboyún àti abiyamọ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Èyí tó ń fò yẹn, ohun wẹ́wẹ́ tó léfòó lójú omi ló ń jẹ, kékeré inú rẹ̀ ni mo sè fún un.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pé kí àwọn ọ̀dọ́ wa máa ta ẹja nílé níbí. Arákùnrin mi, ta ni wọ́n fẹ́ ta? Kò sí ẹja àlejò tí mo mọ̀ tó ń gba odò mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ̀pìyà, àrọ̀ àti òbòkún, onílé ni gbogbo wọn. Irú ẹ̀pìyà kan wà ní ọ̀sà wa tó jẹ́ pé akọ ló máa ń kó ẹyin sẹ́nu títí ọmọ á fi jáde, ibi tí omi kò ti jìn ló sì fẹ́ràn, níbi tí ọlọ́fà á ti rí i kedere. Ẹni tó bá ta ọ̀kan, ó ti ta gbogbo ọmọ ẹnu rẹ̀. Bí àwọ̀n bá mú èyí tó kéré jù, a lè jù ú padà. Ẹja tí ọfà ti gún kò ṣe é dá padà. Àwọn òyìnbó tí ẹ̀ ń wò lórí fóònù yẹn pàápàá, ìwé àṣẹ wà lápò wọn, wọ́n sì mọ ẹja tí wọn ò gbọdọ̀ ta. Ta ló máa yẹ ìwé wò ní odò Ìbù lóru?

Ẹni tó bá fẹ́ káàpù, kó lọ wá a lọ́dọ̀ àwọn olóko ẹja. Ó ti wà ní Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1950, oko ẹja Panyam tó wà lápá Jos ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín, àwọn olóko míì sì ń pò ó mọ́ àrọ̀ àti ẹ̀pìyà nínú adágún. Mo ti gbọ́ lẹ́nu irú wọn pé kì í tà, pé àwọn oníbàárà ń ráhùn egungun.

Bí arákùnrin Ṣàgámù bá rí irú olóko bẹ́ẹ̀, kó ra ọ̀kan tó dára, kó gbé e wá bá mi ní Òkè-Ajé, ní ìlà àwọn ẹlẹ́ja tútù. Kó béèrè Ìyá Ìbejì. N kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti là á àti láti fá a. Òróró ni kó rà wá, kó sì rà á kó pọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́ja,
Ọjà Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde.